Ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́fà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi

Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Toronto ò pọ̀ jù? Ìyá rẹ ń kí ọ o. Mo dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ Ẹtì, ara wọn le, wọ́n sì ní kí n sọ fún ọ pé ohun tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ àwọn. Orí fóònù la ti sábà máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí gùn, ó sì ń dùn mí débi pé bí mo bá pè ọ́, ariwo ni màá fi sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa nínú Albion Online, géèmù tí a jọ ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fẹ́ tú ká.

Lóru Sátidé tó kọjá, àwa méjìlélógún la wọlé sí Albion, a fẹ́ lọ bá àwọn kan jà ní black zone, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè pa ọ́. Ọ̀gá, ẹni tí ìwọ náà fọwọ́ sí pé kó máa darí ogun kí o tó rìnrìn àjò, ti kọ ohun tí kálukú máa wọ̀ sílẹ̀ láti ọ̀sán: ẹni mẹ́rin tank tí yóò máa gba ìlù níwájú, ẹni mẹ́rin healer tí yóò máa wo ọgbẹ́ sàn, kí àwọn tó kù gbé ọ̀pá iná àti ọ̀pá yìnyín. O rántí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Làfẹ́nwá, tó jẹ́ pé ọfà nìkan ló ń ta láti ọjọ́ tó ti wọ ẹgbẹ́? Ọrun rẹ̀ náà ló gbé wá. Ọ̀gá ní kó lọ pààrọ̀. Ọmọ náà ní òun ò tíì lo ọ̀pá yìnyín débi tí òun á fi lè gbé èyí tó dára. Òótọ́ ló sọ. Ìwọ náà mọ bí Destiny Board, pátákó tó ń fi ìtẹ̀síwájú ẹni hàn, ṣe rí: ohun ìjà tí o bá ń lò nìkan lo máa goke nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ yẹn ti fi ń ta ọfà. Wọ́n wá ní kó kó oṣù mẹ́jọ dànù láàárín wákàtí kan!

Ó tẹ̀ lé wa bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì pa wá ní ìpakúpa. O mọ̀ pé ẹni tó bá kú sí black zone, gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ló lọ: díẹ̀ á bàjẹ́, ọ̀tá á kó ìyókù. A ò tíì mí kanlẹ̀ tí ọ̀gá ti ń pariwo lórí Discord, níbi tí a ti ń gbọ́ ohùn ara wa, pé ọlọ́fà ló kó bá wa. Nígbà tí wọ́n ń dá ẹ̀wù àti ohun ìjà padà fún àwọn tó kú látinú àpò ẹgbẹ́, wọ́n ní kò sí ti ọmọ náà níbẹ̀, nítorí kò wọ ohun tí wọ́n kọ. Kò fèsì. Ó kàn jáde ni. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé ìpè mi.

Mo wà lára àwọn tó gbé ọ̀pá mímọ́, ọ̀pá ìwòsàn, lóru yẹn, Àkànní, mo sì rí ibi tí ogun náà ti bàjẹ́. Ọ̀nà tóóró kan ni wọ́n ní ká gbà, gbogbo wa wá kó jọ sójú kan, ni àwọn yẹn bá da iná lé wa lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi fúnra mi ti lo ìwòsàn mi tó lágbára jù lórí ọgbẹ́ tí kò tó nǹkan, nígbà tí iná dé, kò sí nǹkan lọ́wọ́ mi. Ọlọ́fà kan ṣoṣo láàárín èèyàn méjìlélógún, báwo ni yóò ṣe wá jẹ́ òun ló pa wá? Mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní mò ń gbè sẹ́yìn ọmọdé.

Má rò pé mo lòdì sí ètò. O rántí ìbẹ̀rẹ̀ wa, tí gbogbo wa ń gbé idà torí pé kálukú ló fẹ́ pa èèyàn. Àwa mẹ́fà ni àwọn mẹ́ta pa lẹ́nu ọ̀nà wa. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé ọ̀pá mímọ́, kì í ṣe pé ó wù mí. Torí náà, bí ẹnì kan bá ní kí oníkálukú ṣe bó ṣe fẹ́, mo mọ ẹni tó ń san gbèsè ìfẹ́ inú yẹn: ẹni tó gba iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀gá ń sọ, ó sì jàre níbẹ̀. Kò sì burú lọ́kàn. Silver tirẹ̀, owó inú géèmù, ló fi ra ìdajì ohun tó wà nínú àpótí ẹgbẹ́, ó sì lè má sùn títí di aago mẹ́ta òru nítorí wa.

Ibi tó ti kọjá àyè ni pé àṣẹ ogun ti wọ gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Ó ti ń sọ ohun tí a máa kọ́ ní ọjọ́ Ajé. Ó ní kí n yé pẹja, pé ẹja pípa ń fi àkókò ẹgbẹ́ ṣòfò. Ẹja pípa o, Àkànní! Ohun tó mú mi fẹ́ràn géèmù yìí gan-an ni pé ẹnikẹ́ni kì í yan iṣẹ́ kan fún ọ nígbà tí o bá wọlé. Àwọn tó ṣe é ní Berlin ní Jámánì ti sọ ọ́ láti ìgbà tó jáde ní 2017 pé ohun tí o bá wọ̀ ni o jẹ́. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ká ní ọmọ Yorùbá ló ṣe é, ohun tí wọn ì bá kọ sí i nìyẹn. Láti 2021 tó ti dé orí fóònù tí èmi tí kò ní kọ̀ǹpútà fi ríbi wọlé, mo ti ṣe alágbẹ̀dẹ, mo ti wa kùsà, mo ti ṣe healer. Bí ẹ̀wù mẹ́ta péré bá ṣẹ́ kù tí ẹgbẹ́ gbà ká wọ̀, kí la wá ń ṣe níbẹ̀?

Mo ń gba iwájú ààfin Aké kọjá lánàá, ni ọ̀rọ̀ àwọn baba wa bá sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ ibí dó ní 1830, tí àwọn Òwu sì wá bá wọn lẹ́yìn náà, ìlú kọ̀ọ̀kan kó orúkọ rẹ̀ àti olóyè rẹ̀ dání wá. Títí dòní, Aláké wà, Ọ̀ṣilẹ̀ wà, Àgùrá wà, Olówu náà wà. Nígbà tí Dàhòmì dé ní oṣù kẹta 1851, ara odi kan náà ni gbogbo wọn dúró sí. Lẹ́yìn ogun, kálukú padà sí àdúgbò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún Òwu pé kó di Aké torí pé wọ́n jọ jà.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí òru ogun jẹ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá sì jẹ́ àṣẹ ní òru méjèèjì, láìjanpata. Bí ó bá fẹ́ kí ẹnì kan gbé ohun tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò, kó sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ẹgbẹ́ sì bá a ra nǹkan náà. Ẹni tí kò bá tíì kọ́ ọ tán, kó máa ṣe alóre. Ká ní wọ́n rán ọlọ́fà yẹn síwájú láti wo ọ̀nà tóóró náà, bóyá a ò bá má gbà á. Àwọn ọjọ́ tó kù, kí wọ́n fi wá sílẹ̀.

Bá mi pe ọ̀gá lọ́jọ́ Àìkú. Ìwọ ló máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wa ni aago mọ́kànlá òwúrọ̀ yín, ọ̀gá á ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ti ọmọ náà, màá lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ní Làfẹ́nwá lọ́la, bí kò tilẹ̀ gbé ìpè. Mo ti ta gbogbo ẹja mi, mo ti fi ra ọrun mìíràn pa mọ́ dè é.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàbí.