Ohun tí mo fi pamọ́ fún ọ

Ọmọ mi,

Nígbà tí o bi mí lọ́jọ́sí pé kí ni mo ń lọ ṣe lọ́dọ̀ dókítà nígbà gbogbo, mo ní ara ríro lásán ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Jẹjẹrẹ próstéètì ni wọ́n rí lára mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 61, ó sì yẹ kí o ti gbọ́ tipẹ́, nítorí pé ewu àrùn yìí tó ìlọ́po méjì fún ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ tàbí arákùnrin rẹ̀ bá ti ní in.

Próstéètì ni ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, tí ó yí ojú ọ̀nà ìtọ̀ ká. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń dìde lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, tí màá dúró pẹ́ kí ìtọ̀ tó dà, tí yóò sì máa kán tó, tó, tó. Mo máa ń ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ìyá rẹ má baà gbọ́ bí ó ti ń pẹ́ mi tó. Mo ní àgbà ló dé. Dókítà wá là á yé mi pé wíwú tí próstéètì máa ń wú bí ọkùnrin bá ń dàgbà, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ló sábà máa ń fa irú ìyẹn, àti pé jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ kì í sábà fi àmì kankan hàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń dúró de ìgbà tí yóò dun òun lè dúró títí àrùn náà yóò fi wọ inú egungun.

Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa sọ pé ẹni tó bá lọ ṣe àyẹ̀wò ló ń wá àrùn kiri, èmi náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ká sọ òótọ́, ìka tí dókítà máa ń fi sí ìdí ẹni láti fọwọ́ kan próstéètì ni mo ń sá fún. Nígbà tí ó sì kàn mí, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀jẹ̀ ni wọn sábà máa ń kọ́kọ́ gbà láti yẹ PSA wò, ìyẹn èròjà kan tí próstéètì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Bí iye rẹ̀ bá ga, má ṣe sọ ọkàn nù: wíwú lásán, àkóràn, kódà bíbá obìnrin sùn ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, lè gbé e sókè. Bi dókítà léèrè dáadáa kí o tó gba ìtọ́jú, nítorí pé jẹjẹrẹ mìíràn lọ́ra débi pé ṣíṣọ́ ọ nìkan ni wọn yóò máa ṣe, ìtọ́jú sì lè ba agbára ọkùnrin àti ìdarí ìtọ̀ jẹ́.

Kò sí àgbo tí mo mọ̀ tí ó ń dènà rẹ̀. Jáwọ́ nínú sìgá, má sì jẹ́ kí ara rẹ sanra jù.

Àwa aláwọ̀ dúdú ni ó ń mú jù, ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn fi wà pé kí irú wa ti bá dókítà sọ ọ́ láti ọmọ ọdún 45, kì í ṣe 50. Ìwọ ti pé 44. Bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá ẹnì kan ní in nínú ìdílé rẹ, dárúkọ mi, kí o sì sọ ọjọ́ orí mi nígbà náà.

Àbúrò rẹ kò tíì gbọ́. Ọjọ́ Àìkú ni mo fẹ́ sọ fún un; jọ̀wọ́, má gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu.

Bàbá rẹ