Ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ń mì sí

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ìbéèrè tí o fi kádìí rẹ̀. O ní kí ló dé tí inú mi ń dùn tó bẹ́ẹ̀ sí IXPE, sátẹ́láìtì tí NASA àti àjọ òfuurufú ilẹ̀ Ítálì jọ rán lọ lọ́jọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2021, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó tóbi jù ú lọ ti ń wo ìtànṣán X lójú ọ̀run tipẹ́tipẹ́.

Ohun mẹ́rin la lè bi ìmọ́lẹ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Níbo lo ti wá? Ìgbà wo lo dé? Báwo ni agbára rẹ ṣe tó? Ìhà wo lò ń mì sí? Láti ọdún 1962 la ti ń bi ìtànṣán X ní mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì ń dá wa lóhùn. Ìkẹrin, tí à ń pè ní polarization, ló le. Ìmọ́lẹ̀ ń mì bó ṣe ń lọ. Bí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ bá ń mì sí ìhà kan náà, nǹkan kan ló tò ó bẹ́ẹ̀: ó lè jẹ́ agbára òòfà tó dojú kọ ọ̀nà kan, ó sì lè jẹ́ gáàsì tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí ìmọ́lẹ̀ náà kọ lù kó tó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìhà yẹn á wá sọ bí nǹkan náà ṣe rí fún wa, kódà bó bá kéré débi pé kò sí awò tó lè ya fọ́tò rẹ̀.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé fótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan, kò lè jẹ́rìí. Àfi kí o kó ọ̀kẹ́ àìmọye wọn jọ, kí o wá wò ó bóyá ìhà kan fi díẹ̀ pọ̀ ju èkejì lọ. OSO-8, sátẹ́láìtì NASA tó gòkè lọ́dún 1975, lo kírísítálì gráfáìtì. Ìtànṣán tí agbára rẹ̀ bá bọ́ sí ìwọ̀n kan pàtó nìkan ni kírísítálì ọ̀hún ń dá padà, gbogbo ìyókù a ṣòfò. Síbẹ̀, Martin Weisskopf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi wọn Crab Nebula, àwókù ìràwọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà rí nígbà tó bú gbàù lọ́dún 1054, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán rẹ̀ ló ń mì sí ìhà kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lé lógójì ọdún kí NASA tó tún rán irú iṣẹ́ yìí lọ. Ta ló sì ṣe olórí rẹ̀ nígbà tó gbéra? Weisskopf kan náà. Mo máa ń rò ó gan-an: ìbéèrè tó bi nígbà ọ̀dọ́, kò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun títí di ọjọ́ ogbó.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni ẹ̀rọ kékeré kan tí Enrico Costa, Ronaldo Bellazzini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ítálì gbé jáde lọ́dún 2001. Irú rẹ̀ ló wà nínú IXPE, gáàsì ló sì wà nínú rẹ̀. Bí ìtànṣán X bá wọ ibẹ̀, á lé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan jáde lára átọ́ọ̀mù. Bó o bá mi ẹ̀ka igi, ìhà tí o mì í sí ni èso rẹ̀ sábà máa ń fò sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn.

Lálẹ́ àná, mo ṣí ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ IXPE, torí NASA máa ń gbé wọn síta fún ẹnikẹ́ni. Mo mú ipa ọ̀nà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan péré tọ̀ nínú gáàsì, mo gbé e sójú kọ̀ǹpútà. Ojú kéékèèké onígun mẹ́fà bí afárá oyin ni wọ́n fi ya àwòrán rẹ̀, gbogbo gígùn rẹ̀ kò sì tó mìlímítà kan. Ó bẹ̀rẹ̀ tín-ín-rín, ó rọra tẹ̀, ó yí bìrí, ó wá parí sí ojú kan tó ki, tó ń tàn yòò. Ibi tó ki yẹn ló máa ń fa ojú, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rẹ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tó ti forí sọ átọ́ọ̀mù títí tó fi gbàgbé ọ̀nà tó bá wá. Ìbẹ̀rẹ̀ tín-ín-rín yẹn ló mọ ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ń mì sí. Ó tó wákàtí kan tí mo fi jókòó tì í.

Nínú gbogbo ohun tí IXPE ti rí, ti Cygnus X-1 ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ihò dúdú (black hole) kan tó wúwo tó nǹkan bí oòrùn 21 ló wà níbẹ̀, tó ń fa gáàsì lára ìràwọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jiyàn lórí gáàsì gbígbóná janjan tó wà nítòsí ihò náà: ṣé òkè ihò ló dúró sí bíi fìtílà orí òpó, àbí ńṣe ló tẹ́ bí ẹní lé gáàsì tó ń yí po? Lọ́dún 2022, IXPE rí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún péré, ìhà tó ń mì sí sì bá ọwọ́ gáàsì tó ń tú jáde níbẹ̀ mu. Gáàsì tó tẹ́ ló ń mú irú ìhà yẹn wá: ó tẹ́ bí ẹní ni! Ìdá 4 ló sọ ìyẹn fún wa.

Ti ìtànṣán gámà, tí agbára rẹ̀ ju ti ìtànṣán X lọ, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ńṣe là ń jẹ́ kí ó ta lára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, kí a wá wo ibi tó yà sí, torí ọ̀nà tó dábùú ìhà tó ń mì sí ló sábà máa ń gbà. Lọ́dún 2003, àwọn kan kéde ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìbúgbàù ìtànṣán gámà kan tí sátẹ́láìtì RHESSI rí. Àwọn mìíràn tú àkọsílẹ̀ kan náà wò, wọn kò rí i. Nígbà tó di 2019, àwọn tó ń lo POLAR, ẹ̀rọ tó ní ọ̀pá ike 1,600 tí Ṣáínà gbé gòkè lọ́dún 2016, yẹ ìbúgbàù márùn-ún wò, nǹkan bí ìdá 10 ni wọ́n bá pàdé. Mi ò dá àwọn ti 2003 lẹ́bi; fótọ́ọ̀nù wọn kò pọ̀, ọkàn sì ń fẹ́ ohun tó ń fẹ́. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí n fọkàn tán ìdá 4 tí wọ́n fara balẹ̀ kà ju ìdá 80 lọ.

Mo fi àwòrán ipa tí mo sọ yẹn sínú àpò ìwé yìí. Ibi tó ki ni ojú rẹ máa kọ́kọ́ lọ. Jọ̀ọ́, wo òdìkejì rẹ̀.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́