Sí Ọmọ Mi Tó Fẹ́ Jogún Bíi Ti Earl of Devon

Mọ́lété, Ìbàdàn.

Àkànbí ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo tún un gbọ́ láàárọ̀ kí n má baà ṣì ọ́ gbọ́. O ní kí a yí ìwé ilé bàbá yín sí orúkọ ìwọ nìkan, torí pé ìwọ ni àrólé. O ní àwọn òyìnbó tí ẹ jọ ń gbé kì í pín ogún bí ẹni pín ẹran iléyá, pé àkọ́bí ọkùnrin ló ń kó gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé wọn fi ń pẹ́. O wá fi Earl of Devon, olóyè àjogúnbá kan ní England, gbe ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀, nítorí pé o mú àwọn ọmọ lọ wo ilé rẹ̀ ní Powderham, wọ́n sì sọ fún yín níbẹ̀ pé ìdílé kan náà ló ti ń gbé ibẹ̀ láti ohun tó lé ní 600 ọdún.

Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ìtàn Bírítéènì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí o bá fẹ́ fi Courtenay, ìdílé Earl náà, bá mi jiyàn, ó yẹ kó o ka ìtàn wọn dé ìsàlẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ Earl of Devon ni Baldwin de Redvers. Ìjà ìtẹ́ ló gbé e débẹ̀. Stephen gorí oyè ọba, Matilda, ọmọ ọba tó wàjà, ní òun ló tọ́ sí, Baldwin sì gbè sẹ́yìn obìnrin náà. Ní 1136 ó tiẹ̀ gba ilé olódi Exeter mọ́ Stephen lọ́wọ́. Ní nǹkan bí 1141 ni Matilda fi í joyè. Ṣé o rí i? Ọmọbìnrin tó ń jà fún ogún bàbá rẹ̀ ló dá oyè tí o ń fi halẹ̀ mọ́ àwọn àbúrò rẹ sílẹ̀.

Kò tíì tán. Ní 1262, Baldwin mìíràn nínú ìdílé náà kú láìní ọmọ tí yóò jogún, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Isabella, ló sì gba gbogbo rẹ̀. Opó ni. Ó lówó ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìgbà rẹ̀ lọ, erékùṣù Isle of Wight lódindi wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí ibùsùn ikú rẹ̀ ní 1293 sì ni Ọba Edward Kìíní ti rí i rà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó bí ti kú ṣáájú rẹ̀. Ogún bá ré kọjá sọ́dọ̀ ìbátan kan, Hugh de Courtenay. Kí ló mú Courtenay wọ̀ ọ́? Obìnrin mìíràn ni: Mary de Redvers ló bí bàbá bàbá rẹ̀. Ó di 1335, ọdún 42 lẹ́yìn ikú Isabella, kí wọ́n tó gbà pé Hugh ni Earl.

Wàyí o, ilé tí o sanwó wọ̀. Hugh yìí bí Hugh mìíràn, ìyẹn sì fẹ́ Margaret de Bohun, ọmọ-ọmọ Ọba Edward Kìíní. Ère òkúta tọkọtaya náà ṣì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú kàtídírà Exeter tó wà nítòsí yín. Bí o bá tún kọjá níbẹ̀, wọlé, kó o wo ibi ẹsẹ̀ obìnrin náà. Ẹyẹ swan lo máa rí níbẹ̀, àmì ilé bàbá rẹ̀ ni. Margaret ló mú Powderham wá láti ilé wọn nígbà ìgbéyàwó. Kò sí nínú ohun ìní oyè. Nígbà tó máa kú ní 1391, kò fi ilẹ̀ náà kún ti àrólé. Philip ló fún, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tó tẹ̀lé àkọ́bí, Philip sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé síbẹ̀.

Nítorí náà, ogún tí ìyá fún àbúrò ni ilé tí o ń yà ní fọ́tò yẹn.

Ilé àwọn àrólé ńkọ́? Wà mọ́tò lọ sí Okehampton lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀. Wọ́n jẹ́ alágbára níbẹ̀ nígbà kan, àmọ́ àwókù ògiri lo máa bá, koríko á sì ti gba àgbàlá.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé orí tí yóò dádé, inú agogo idẹ ní í ti í yọ wá. Ní ilé Courtenay, orí tó bá ti yọ báyẹn ni wọ́n máa ń bẹ́. Nígbà tí ìdílé ọba méjì, York àti Lancaster, ń du ìtẹ́, Thomas Courtenay bá Lancaster lọ sójú ogun Towton ní 1461. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní ìlú York. Àbúrò rẹ̀ Henry, wọ́n bẹ́ òun náà ní Salisbury ní 1469. John tó ṣìkẹta kú sójú ogun Tewkesbury ní 1471. Ọmọ ìyá mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́wàá. Kì í sì í ṣe orí nìkan ló ń lọ o. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi ọ̀tẹ̀ nígbà náà, òfin á sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, ọmọ rẹ̀ kò ní lè jogún ohunkóhun, ilẹ̀ àti oyè á di ti ọba.

Ní 1485 Henry Keje gorí ìtẹ́, ó sì dá oyè náà padà fún Courtenay mìíràn, Edward. Ọmọ Edward fẹ́ Catherine, ọmọ Ọba Edward Kẹrin, o ò bá rò pé iyì dé. Ìyọnu ló dé. Ọmọ tí Catherine bí, Henry Courtenay, di Marquess of Exeter, oyè tó ga ju Earl lọ, ní 1525, ó jọ dàgbà pẹ̀lú Ọba Henry Kẹjọ, ìbátan ara wọn sì ni wọ́n. Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ẹ̀jẹ̀ ọba tó wà lára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ní 1538 wọ́n mú un, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí.

Wọ́n mú ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n mú ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú, Edward, tí kò ju bí ọmọ ọdún méjìlá lọ.

Fara balẹ̀ síbí, Àkànbí, torí pé ọmọ tìẹ náà ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí yẹn. Edward kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí wọ́n fi mú un ni pé òun ni àrólé. Wọ́n jù ú sí Tower, ilé olódi tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lo nǹkan bí ọdún 15 níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti kàwé. Ìgbà tí Ọbabìnrin Mary gorí ìtẹ́ ní 1553 ló tó rí ìta, ọkùnrin ti ni. Mary fi í jẹ Earl of Devon lóṣù September ọdún náà. Àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ kí Ọbabìnrin fi í ṣe ọkọ, ṣùgbọ́n Philip ti Sípéènì ni Mary yàn. Ọdún kò yípo tí wọ́n fi ní Edward mọ̀ sí ọ̀tẹ̀ tí Wyatt dì mọ́ Ọbabìnrin, wọ́n dá a padà sí Tower, lẹ́yìn náà wọ́n ní kó fi ìlú sílẹ̀. Padua ní Ítálì ló kú sí ní 1556. Kò níyàwó, kò bímọ.

Gbogbo ayé gbà pé oyè ti parun nìyẹn. Ọba James Kìíní tiẹ̀ fi orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́ ta ẹlòmíì lọ́rẹ, ó fi William Cavendish jẹ Earl of Devonshire ní 1618. Ìdílé ìyẹn ló di Duke of Devonshire títí dòní, Chatsworth ni wọ́n sì ń gbé, ní Derbyshire. Duke Devonshire tí kì í gbé Devon! Òyìnbó náà mọ eré ṣe.

Àwọn àtọmọdọ́mọ Philip Courtenay ní tiwọn wà ní Powderham, wọ́n ń mójú tó ilẹ̀ wọn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 275, ẹnì kan nínú wọn padà lọ ka ìwé oyè tí Mary kọ fún Edward. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé oyè wà fún olúwarẹ̀ àti fún àwọn ọkùnrin àrólé tó bá ti ara rẹ̀ jáde. Nínú ìwé yìí, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé fún un àti fún àwọn ọkùnrin àrólé rẹ̀ títí láé. Gbólóhùn tó ní kí ó ti ara rẹ̀ jáde kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ìbátan rẹ̀ ọkùnrin, bó ti wù kó jìnnà tó, lè jogún rẹ̀. Ní 1831, ilé ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù, ìyẹn ilé aṣòfin àwọn olóyè, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì dá Courtenay ti Powderham láre. Wọ́n tilẹ̀ ka àwọn baba ńlá wọn tó ti kú láti 1556 kún Earl, àwọn tí kò mọ̀ rárá pé àwọn joyè kí wọ́n tó wọ kòtò!

Ta ló wá jẹ oyè ọ̀hún lójú ayé? Ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọkùnrin kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀ arábìnrin, tó ti sá kúrò ní England nítorí ẹ̀sùn, tó ń gbé Paris. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1835 láìníyàwó. Ìbátan rẹ̀ kan, akọ̀wé nínú ilé ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù kan náà, ló sáré ọ̀rọ̀ náà, òun ló sì jẹ oyè nígbà tí ẹni ti Paris kú. Akọ̀wé mọ ibi tí ìwé wà.

Earl tó wà níbẹ̀ báyìí, agbẹjọ́rò ni, 2015 ló jogún bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n obìnrin mẹ́ta ló ní. Ìwé 1553 yẹn ṣì ń sé wọn mọ́ta. Kí sì ni oyè náà wá fúnni lónìí? Láti 1999 ni òfin ti lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn olóyè àjogúnbá kúrò nílé ìgbìmọ̀, 92 ló ṣẹ́kù nígbà náà, ní 2024 sì ni ìjọba tún gbé àbá wá pé kí àwọn yẹn náà máa lọ. Ní Powderham, ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíì àti owó tí irú yín ń san lẹ́nu ọ̀nà wà lára ohun tí wọ́n fi ń tún òrùlé ṣe.

Èyí tí o ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí. Oyè nìkan lo rí, o wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo England ṣe ń jogún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1926 ni òfin ibẹ̀ ti fòpin sí kí àkọ́bí ọkùnrin máa kó ilẹ̀ bàbá tó kú láìṣe ìwé ìhágún. Lẹ́yìn ìpín opó, dọ́gba ni àwọn ọmọ ń pín in, ọkùnrin àti obìnrin. Oyè ni wọ́n yọ sílẹ̀ nínú òfin náà. Nítorí náà, aládùúgbò rẹ tó ń wakọ̀ bọ́ọ̀sì ní Exeter kò lè ṣe ohun tí o ní kí n bá ọ ṣe yìí fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bàbá yín kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ilé náà ti gbogbo yín ni. Àrólé ni ọ́ lóòótọ́, mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ ni wọ́n máa pè bí àlejò bá dé, ìwọ ni wọ́n máa pè bí òrùlé bá ń jò. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, Bísí ni wọ́n ń pè. Òun ló pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé, òun náà ló ń sun ilé ìwòsàn ní gbogbo ìgbà tí bàbá yín dùbúlẹ̀. Mi ò fi èyí bú ọ, owó rẹ ń wọlé nígbà yẹn, a sì ná an dáadáa. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí Bísí gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ yẹn. Mo ti pa á rẹ́ lórí fóònù tèmi.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọmọ rẹ obìnrin ló ṣáájú ọmọkùnrin. Ó gbọ́n, ó sì ń gbọ́ Yorùbá ju bí o ṣe rò lọ. Ohun tí o bá ń sọ nípa àrólé nínú mọ́tò, ó ń wọ̀ ọ́ létí.

Ohun tí a máa ṣe nìyí. Mo ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ìwé kan ló máa kọ, orúkọ ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wà níbẹ̀ ní kíkún, Bísí, ìwọ, Délé àti Tóyìn, pé kò sí ẹni tó lè ta ilé náà tàbí fi í yáwó láìjẹ́ pé gbogbo yín fọwọ́ sí i. Bí ẹnì kan nínú yín bá ṣáájú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa gba ipò rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Mo ní kí lọ́yà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ṣọ́ọ̀bù iwájú ṣì jẹ́ ti Bísí, kó máa ránṣọ rẹ̀ níbẹ̀. Yàrá rẹ lókè, kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́.

Fi fọ́tò pélébé méjì ránṣẹ́ àti ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ, torí pé lọ́yà ń bèèrè, Délé sì ti fi tirẹ̀ sílẹ̀. Tí o bá ń bọ̀ ní December, bá mi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, irú èyí tí o rà kẹ́yìn. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.