Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: kí ẹ tó ra sípíríǹgì tuntun fún ìbọn àtijọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Houston àti agbègbè rẹ̀, ẹ kú ìmúra ìgbà ọdẹ. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá ni ìgbà gbogboògbò tí a ń fi ìbọn pa àgbọ̀nrín máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Texas, ìbéèrè kan náà ló sì ń wọlé báyìí: ìbọn àtijọ́ tí mo rà máa ń sọ "kẹ́" lásán, ṣé sípíríǹgì ni?

Ó lè jẹ́ òun. Òòlù ṣakabùlà tí a mọ̀ nílé wà níta, ojú ń rí i bó ṣe ń já. Ti ìbọn Mauser 98 àti Remington 700 kò rí bẹ́ẹ̀: inú bọ́ọ̀tì, irin tí a ń fà sẹ́yìn tí a sì ń tì síwájú láti ki ọta, ni sípíríǹgì wà, òun ló ń ti píìnì síwájú láti gbá práímà ìdí ọta, èyí tó ń dá iná sí ẹ̀tù. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, píìnì á kàn ha práímà lára ni. Ìbọn lè dún o, àmọ́ ẹ̀tù ò ní gbiná bákan náà nígbà gbogbo. Ọta kan á lọ sókè, èkejì á wálẹ̀, ẹ ó sì máa dá awò orí ìbọn lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fún wa lówó, ẹ tú bọ́ọ̀tì náà wò. Ọ̀pọ̀ Mauser tó wà lọ́wọ́ ọdẹ níbí ló jẹ́ ìbọn ológun tẹ́lẹ̀, tí wọ́n gé igi rẹ̀ kúrú lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Gíríìsì àtijọ́ máa ń dì sínú wọn, tí òtútù òwúrọ̀ bá sì mú un, ṣe ló ń di píìnì lọ́wọ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ ta òróró díẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ náà ni wàhálà ń parí sí.

Bí kò bá parí, èyí tó le bíi ti ilé-iṣẹ́ ni a ó kọ́kọ́ fún yín. Lóòótọ́, èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń jẹ́ kí píìnì tètè dé ìdí ọta. Láti ìgbà tí tírígà bá ti tú píìnì sílẹ̀ títí yóò fi gbá práímà, Mauser àtijọ́ ń lo nǹkan bí ìdá 5 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Remington 700, tó jáde ní 1962, ń lo nǹkan bí ìdá 3. Àmọ́ ọwọ́ bọ́ọ̀tì á le láti gbé sókè, ẹni tó fẹ́ yára ta ọta kejì á sì mọ̀ ọ́n lára. Fún ẹni tó gẹ̀gùn de àgbọ̀nrín, èmi ò rí èrè ibẹ̀.

Sípíríǹgì tírígà ńkọ́? A kì í tà á fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Tírígà tó fúyẹ́ jù lè mú kí ìbọn dún nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fà á. Oníṣẹ́ ìbọn ni kí ẹ gbé e lọ bá.

Bí ìbọn bá sì sọ "kẹ́" tí kò dún, ẹ má ṣí bọ́ọ̀tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò léwu, kí ẹ dúró fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá ó kéré tán, torí ẹ̀tù lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbiná.

Tí ẹ bá fẹ́ ra sípíríǹgì, ẹ fi orúkọ ìbọn àti àwòrán bọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sí wa. Ti Mauser kì í wọ Remington. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ya àwòrán, ẹ rí i pé kò sí ọta nínú ìbọn.