Ta Ni Yóò Gbẹ́ Kànga Fáwọn Ẹlẹ́fọ̀ọ́?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú mi dùn sí ohun tí ẹ kọ nípa olùwádìí yunifásítì tó ń ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe lè máa gbin ẹ̀fọ́ láàárín ìgboro láì ba ilẹ̀ jẹ́. Irú iṣẹ́ yìí kàn wá l'Óṣogbo. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí à ń rà ní Ọjà Ọba, oko kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ẹ̀bá odò wà níbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé wà níbẹ̀, ilẹ̀ onílẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí náà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ló ká mi lára jù. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti da omi Ọ̀ṣun rú, ó pọ́n kankan. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fáwa èèyàn pé ká má mu ún. Ta ló wá kìlọ̀ fún ẹ̀fọ́? Òjé, irin olóró tó máa ń tibi tí wọ́n ti ń wa góòlù wọnú omi, tó bá gba gbòǹgbò wọnú ewé, kò sí iyọ̀ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò, bíbọ̀ ò sì ràn án.

Àwọn ọmọ yunifásítì kan wá bá ìyá kan tó ń gbin gbúre ládùúgbò wa. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ìgbẹ́ adìẹ jẹrà dáadáa kó tó dà á sílẹ̀, kó máa da omi sí ìdí ẹ̀fọ́, kó yé wọ́n ọn sórí ewé, tó bá sì ku ọjọ́ mélòó kan tí yóò já a, kó dá omi dúró kí kòkòrò àìsàn lè kú. Màmá gbọ́, wọ́n sì ń ṣe é. Àfìgbà tí wọ́n ní kó fi omi odò sílẹ̀. Màmá wò wọ́n títí: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé itọ́ ni kí n máa fi bomi rin ín?”

Ẹjọ́ màmá kọ́. Kànga ń náni lówó, ilẹ̀ náà kì í sì í ṣe tiwọn; ọjọ́kọ́jọ́ ni onílẹ̀ lè já búlọ́ọ̀kù síbẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá ni mò ń bá wí. Ẹ gbẹ́ kànga sítòsí àwọn ọgbà wọ̀nyí, kí àwọn olùwádìí yẹ omi àti erùpẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wá sọ èsì rẹ̀ fáwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ lédè Yorùbá. A ò kúkú jìnnà sáwọn onímọ̀: ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, wà ní Èjìgbò, NIHORT, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí èso àti ẹ̀fọ́, sì ti wà n'Íbàdàn láti 1975. Kí wọ́n ṣe é kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, torí ìgbà yẹn ni gbogbo kẹ́ẹ̀gì ń kọjú sódò.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà ẹlẹ́fọ̀ọ́,
Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo.