Ẹ má fọ ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ bá bá nínú ilẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Bí a ṣe parí àsọyé lórí ìwalẹ̀pìtàn, ọmọkùnrin kan tú ìlẹ̀kẹ̀ jáde láti inú ọ̀rá sórí tábìlì. Aláwọ̀ aró ni wọ́n. Ó ti fi ọṣẹ àti búrọ́ṣì fọ̀ wọ́n, wọ́n ń dán yinrinyinrin. Ibo lo ti rí i? Ifẹ̀. Apá ibo n'Ífẹ̀? Báwo ló ṣe jìn tó? Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ó ń wojú wa. Iye tí wọ́n ń rà á lórí WhatsApp ló wá bèèrè.

Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ti yadi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ẹ wo Igbó Olókun n'Ífẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ láyé àtijọ́. Leo Frobenius, òyìnbó ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa, ó ní kì í ṣe àwọn ló ṣe é, àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àròsọ àwọn Gíríìkì, ni. Èébú yẹn pẹ́ nílẹ̀. Kì í ṣe ariwo ló pa á. Abídèmí Babalọlá, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi ajọ̀ jọ iyẹ̀pẹ̀, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, tí gíláàsì ṣì dì mọ́ wọn lára. Wọ́n ta ìtànṣán laser sára díẹ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà, àmì tó kù kéré bí ìbú irun orí, ẹ̀rọ sì ka èròjà inú rẹ̀: lime (èròjà ẹfun) pọ̀, alumina (èròjà inú amọ̀) pọ̀. Gíláàsì àwọn Lárúbáwá ìgbà yẹn kì í ní alumina tó bẹ́ẹ̀. Èédú inú ilẹ̀ kan náà, tí a lè fi mọ ọjọ́ orí ohun tó wà níbẹ̀, sọ pé ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni. Irú gíláàsì yìí ti jáde ní Gao, ní Mali lọ́hùn-ún. Ká ní ìlẹ̀kẹ̀, àpáàdì àti èédú kò jọ sùn sójú kan, ta ni ìbá gbà wá gbọ́?

Àwọn orí idẹ agboolé Wúnmọníjẹ n'Ífẹ̀ ńkọ́? Ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń wà ní 1938 tí wọ́n fi kàn wọ́n. Wọ́n kó orí jáde, kò sẹ́ni tó kọ ìpele ilẹ̀ sílẹ̀, títí dòní làwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí ọjọ́ orí wọn. Ní Ìta Yemòó, n'Ífẹ̀ kan náà, ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tún kan ère. Frank Willett, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ará Bìrìtìkó, fara balẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀, èédú jáde, a rí nǹkan dì mú.

Láyé ijọ́un, tèwe tàgbà ló ń gbẹ́ Igbó Olókun nítorí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn yẹn kò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní kámẹ́rà lápò, kí ni àwáwí yín?

Bí ṣọ́bìrì bá kan nǹkan, ẹ dúró. Ẹ má fà á yọ! Ẹ fi rúlà tàbí bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò. Ẹ wọn jíjìn rẹ̀ láti ojú ilẹ̀, kì í ṣe láti orí iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ ti kó jọ. Ẹ tún wọn bó ṣe jìnnà sí ohun méjì tí kì í ṣí nípò, bí igun ilé àti òpó iná. Bó bá jẹ́ òpó nìkan, ibikíbi ní àyíká òpó ló lè jẹ́. Ẹ bò ó padà, ẹ lọ sọ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wíwalẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgbàwé àṣẹ lòdì sófin, ẹ kúkú mọ̀.

Ọṣẹ wá ńkọ́? Iyẹ̀pẹ̀ tó há sínú ihò ìlẹ̀kẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Gíláàsì tó pẹ́ nílẹ̀ sì máa ń bó, búrọ́ṣì á ha awọ rẹ̀ dànù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa walẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan èédú, ẹ má fi òwú tàbí bébà ìnujú wé e. Kábọ́ọ̀nù tuntun wà nínú ìyẹn. Fóìlì ni kí ẹ lò. Kábọ́ọ̀nù 14 inú èédú la fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀: nǹkan bí ọdún 5,730 ló fi ń dín sí ìdajì, ìdọ̀tí tuntun díẹ̀ a máa sọ àgbà dọmọdé. Ẹ ṣọ́ ihò òkété pẹ̀lú: ó ń kó tòkè sísàlẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀, tó dúdú láàárín ilẹ̀ pupa, ẹ má mú èédú níbẹ̀.

Ìwọ ọmọ tó ni ọ̀rá yẹn, máa bọ̀. Mú wa lọ sídìí kòtò náà. Bí òjò kò bá tíì wó o, èédú lè ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Èyí tó kù nílé, má tà á, má sì fọ̀ ọ́.