Ẹkún nìkan kọ́ o

Sí olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n fèsì fún ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní béèyàn bá gba àmì ẹ̀yẹ, tó bá ti lè sunkún díẹ̀ lórí máìkì, ọ̀rọ̀ ẹ̀ á wọ gbogbo èèyàn lára. Irọ́ ni. Iṣẹ́ MC ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn níbí, mo ti gbé máìkì fáwọn tó sunkún títí tí tìróò fi ṣàn dé àgbọ̀n wọn, táwọn tó jókòó sì ń fi ṣíbí wá ẹran nínú ráìsì.

Ẹ lọ wo ti Viola Davis, òṣèrébìnrin ará Amẹ́ríkà, lórí YouTube, ti September 2015 tó gba Emmy, àmì ẹ̀yẹ ńlá tí wọ́n ń fún àwọn eléré tẹlifíṣọ̀n l'Amẹ́ríkà, ní Los Angeles, òun lobìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ti olú òṣèrébìnrin nínú dírámà orí tẹlifíṣọ̀n. Kò gùn rárá. Kò kọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni, kò ní òun ò retí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Harriet Tubman ló mú bọnu, obìnrin tó sá kúrò lóko ẹrú ní Maryland lọ́dún 1849, tó tún wá ń padà lọ kó àwọn ẹlòmíì jáde. Tubman ní lọ́kàn òun, òun ń rí ìlà kan, lódìkejì ìlà yẹn pápá tútù ló wà, òdòdó ló wà, àwọn obìnrin òyìnbó arẹwà ń nawọ́ sóun látibẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò rí ìlà yẹn sọdá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ oníjàálá rí, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe. Ìbà ló ń jú! Ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀, àti pé ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí òun.

Ìgbà tó júbà tán ló wá ní nǹkan kan ṣoṣo tó ya obìnrin tí kì í ṣe òyìnbó sọ́tọ̀ sáwọn yòókù ni àǹfààní, pé èèyàn ò lè gba Emmy fún ipa tí kò sí nílẹ̀. Ẹ gbọ́ yẹn. Kò bú ẹnikẹ́ni o, àlàyé lásán ni, ta ló máa lẹ owó mọ́ oníjó níwájú orí nígbà tẹ́nikẹ́ni ò lùlù fún un? Ẹni tó bá fẹ́ bá a jiyàn, ibo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Lóòótọ́ ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò ní kò gbọ̀n, àmọ́ ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò kẹ́ ẹ fi ohùn tó ń gbọ̀n sílẹ̀, kí ló kù?

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń dárúkọ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nídìí iṣẹ́ eré, Shonda Rhimes, Kerry Washington, Halle Berry, àti Taraji P. Henson tó jẹ́ pé òun àti Viola ni wọ́n jọ ń du àmì ẹ̀yẹ yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ bá mi rò ó, ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba nǹkan mọ́ lọ́wọ́ lẹ tún ń kì. Ó ní ẹ ṣé tẹ́ ẹ mú wa sọdá ìlà yẹn. Ìlà tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀! Èmi tiẹ̀ ti gbàgbé ẹ̀ kó tó tún fà á yọ.

Tiwa wá ńkọ́? December tó kọjá, bàbá tíṣà kan gba àmì ẹ̀yẹ níbi tí mo ti ń ṣe MC, fóònù ni wọ́n yọ, wọ́n ń ka orúkọ látorí kọmíṣọ́nà dórí dírẹ́bà, iná fóònù kú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, a dúró. Omijé bọ́ lójú wọn lóòótọ́. Ìgbà tá a wá ń jẹun ni wọ́n fi ṣíbí tọ́ka sí bọ̀bọ́ tó ń ya fọ́tò wa, wọ́n ní ọmọ yẹn ò lè ka A nígbà tí wọ́n mú un wá sí kíláàsì àwọn.

Mo ní, "Háà, sà, ẹ ò sì sọ ọ́ lórí máìkì?"

Wọ́n ní, "Àbúrò, àyè wo ló kù? Kọmíṣọ́nà ń wo aago."

Èmi ni tiyín,
MC kan n'Ìbàdàn